Ẹ̀ṣọ́ Iná Tí Kò Gbọdọ̀ Sọ Pé Rárá

Bí ẹ bá dé Àjàṣẹ́, tí ẹ rí odindi ilé-iṣẹ́ tó dìde dúró lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì wọlé, ẹ má rò pé èèrà ló gùn wọ́n. Ọ̀gá Mounirou ló wúkọ́ nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mounirou ni ọ̀gá àgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìgbàlejò, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì ju pé kó máa fi ọ̀sà àti àwọn ilé àtijọ́ ìlú han àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bó ṣe ń ròyìn rẹ̀ yóò rò pé òun ló gbẹ́ ọ̀sà náà, tó sì pọn omi sí i.

Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ wọn dáadáa. Bó bá ní oòrùn mú, wọn a nu ojú, ìbáà jẹ́ pé abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n jókòó sí. Bó bá pa àwàdà, wọn a rẹ́rìn-ín títí tí omi yóò fi bọ́ lójú wọn. Olórí wọn nínú iṣẹ́ yìí ni Romaric, akọ̀wé rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ. Romaric ló kọ́ àwọn yòókù pé bí Ọ̀gá bá ń rẹ́rìn-ín, wọn kò gbọdọ̀ dákẹ́ ṣáájú rẹ̀, wọn kò sì gbọdọ̀ rín jù ú lọ.

Ohun kan ṣoṣo ni Mounirou ń fẹ́ láyé. Ó ń fẹ́ kí wọ́n gbé òun lọ sí Kútọnu, kí òun lọ jókòó sórí àga olórí gbogbo ilé-iṣẹ́ ìgbàlejò tó wà lórílẹ̀-èdè. Àga náà ti ṣófo, Mínísítà ló sì máa yan ẹni tí yóò jókòó sí i. Nílé, Mounirou ti ń fi àga ìjẹun dánra wò. Á jókòó, á dìde, á tún jókòó, á na ọwọ́ sí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

"Bàbá Faïzou," Imane ìyàwó rẹ̀ a ní, "ọbẹ̀ ń tutù. Ẹ jẹun tán kí ẹ tó di ọ̀gá Kútọnu."

Ọlọ́run ọba sì ṣe é, ọ̀nà kan ṣí. Àwọn ọ̀rẹ́ ìlú kan lókè òkun fi ọkọ̀ ńlá kan ta ilé-iṣẹ́ náà lọ́rẹ, ọkọ̀ tó ní ibùsùn, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀, fìrígò àti ẹ̀rọ amúlétutù nínú. Àwọn ará Àjàṣẹ́ wò ó yí ká, wọ́n pè é ní Ilé Onítáyà. Wọ́n ní kí àwọn arìnrìnàjò máa sùn nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ń yí abúlé ká. Arìnrìnàjò kankan kò sùn nínú rẹ̀. Mounirou wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé, ó jókòó, afẹ́fẹ́ tútù fẹ́ sí i lọ́rùn, ó sì yé e lójú ẹsẹ̀ pé òun gan-an ni arìnrìnàjò tí wọ́n ní lọ́kàn.

Ó ní kí wọ́n kó ibùsùn jáde. Wọ́n gbé àga méjì aláwọ̀ wúrà wọlé. Ó ní kí wọ́n fi gíláàsì dí gbogbo fèrèsé kí òtútù má baà jáde, àfi fèrèsé kékeré kan tó wà lókè ibi ìfọwọ́. Ó tún ní kí wọ́n yọ ìlẹ̀kùn ọkọ̀ náà dànù, nítorí kò yẹ kí ọ̀gá máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn. Wọ́n wá fi ìlẹ̀kùn gíláàsì oníná rọ́pò rẹ̀, èyí tó máa ń ṣí fúnra rẹ̀ bí ènìyàn bá sún mọ́ ọn. Romaric ní ìlẹ̀kùn náà mọ̀wàhù.

Kò pẹ́ tí ìròyìn fi dé pé Mínísítà fẹ́ wo Ilé Onítáyà. Yóò wá bá wọn ní abúlé kan lẹ́yìn Akpro-Missérété, yóò jókòó nínú ọkọ̀ náà, bó bá sì wù ú, wọn yóò sọ̀rọ̀ àga Kútọnu níbẹ̀. Inú Mounirou dùn débi pé ó gbàgbé láti bínú sí ẹnikẹ́ni fún odindi ọ̀sán kan.

Àfi ìṣòro kan. Bí ọkọ̀ náà bá dúró, ilé tó wà nítòsí ni wọ́n ti ń fa okùn iná gígùn wá kì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́jọ́ kan ní àgbàlá ilé-iṣẹ́, iná lọ, ó tún fi agbára dé, ẹ̀rọ tí Mounirou fi ń po kọfí sì gbiná níwájú rẹ̀. Romaric ní kọfí Ọ̀gá ló gbóná ju agbára ẹ̀rọ náà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Mounirou. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lójú Mínísítà, àga Kútọnu ti di ti ẹlòmíràn. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ ra ẹ̀ṣọ́ iná, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi sáàárín okùn iná àti ọkọ̀ kí iná tó bá ṣe ṣégesège má baà wọlé ba nǹkan jẹ́.

Ọ̀dọ̀ Àlájà Ganiatou ni wọ́n lọ, ní àdúgbò Akron. Àlájà kì í ṣe ẹni tí ń fi ara rẹ̀ pamọ́. Wúrà kún ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kún dé òrùlé, ó sì ń bá ènìyàn ná ọjà ní èdè Gun lórí fóònù kan, ó ń bá ẹlòmíràn jà ní Faransé lórí èkejì. Romaric ló kọ́kọ́ wọlé, ó dúró láàárín ọ̀nà, ó gbóhùn sókè.

"Ọ̀gá Àgbà Ilé-Iṣẹ́ Ìgbàlejò, bàbá àlejò, olówó ọ̀sà, ìmọ́lẹ̀ Àjàṣẹ́, ni wọ́n dé yìí o."

"Ìmọ́lẹ̀ wá ra iná," Àlájà wí, kò dìde. "Ẹ káàbọ̀, Mìsíẹ̀ Dìrẹ́tọ̀. Kí lẹ fẹ́?"

Mounirou ṣàlàyé. Ó kọ́kọ́ ṣàlàyé ara rẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé ọkọ̀. Nígbà tó parí, Àlájà ti ta bọ́tìnnì iná fún oníbàárà méjì mìíràn. Ó wá gbé ẹ̀ṣọ́ méjì sórí tábìlì, kékeré kan tí iná aláwọ̀ ewé ń tàn lára rẹ̀, àti ńlá kan tó dúdú bíi kòkò ìdáná.

"Kékeré yìí, ìyà ló mọ̀ ọ́n jẹ," ó ní. "Bí kùráàn iná bá ṣàdédé fò, òun ló máa fara gbà á. Bó bá ti gba èyí tó le lẹ́ẹ̀kan, ó kú nìyẹn, ṣùgbọ́n iná ara rẹ̀ á ṣì máa tàn, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti kú. Kì í dá kùráàn dúró. Ohun tó bá dé, á jẹ́ kó wọlé."

"Ó mọ àlejò í ṣe," Mounirou wí.

"Ńlá yìí ní tirẹ̀, ó máa ń wo kùráàn lójú kó tó jẹ́ kó wọlé. Bó bá ga jù, á tì í mọ́ta. Bó bá rẹlẹ̀ jù, á tì í mọ́ta. Bí wọ́n bá so wáyà lódì, á tì í mọ́ta. Bó bá wá dára tán, á tún ní sùúrù díẹ̀, á wò ó bóyá yóò dúró bẹ́ẹ̀, kó tó ṣí ọ̀nà. Ọkọ̀ tí ẹ ó máa so mọ́ ilé onílé káàkiri, èyí lẹ nílò. Mi ò ní tan yín."

Mounirou fi ìka kan ẹ̀rọ dúdú náà bí ẹni tí ń wo òṣìṣẹ́ tuntun tí kò kí i. "Tí mo bá wà nínú ọkọ̀ ńkọ́?"

"Tí ẹ bá wà nínú ọkọ̀, báwo?"

"Tí èmi Mounirou bá wà nínú ọkọ̀, tí mo sì fẹ́ iná. Ṣé ó lè tì í mọ́ta?"

"Kò mọ ẹni tó wà nínú ọkọ̀, Dìrẹ́tọ̀," Àlájà dáhùn. "Kùráàn ló ń wò."

Romaric di àyà mú. Kò tíì sí ẹni tó sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí létí Ọ̀gá, pé nǹkan kan wà láyé tí kò mọ̀ ọ́n. Àlájà rí ojú wọn, ó sì ṣàánú wọn díẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀ṣọ́ ńlá náà lọ dán wò, bí kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n dá a padà. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló fi tì í.

Ọjọ́ ìdánwò di ayẹyẹ. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa láti ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ dé ẹsẹ̀ Ilé Onítáyà, àwọn òṣìṣẹ́ tò sí ọ̀tún àti òsì. Mounirou wọ agbádá, ó dé fìlà tó le gan-an, ó gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ki okùn bọ ẹ̀ṣọ́ ńlá náà. Mounirou bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ síbi ìlẹ̀kùn gíláàsì pẹ̀lú ìgbésẹ̀ tó fi ọjọ́ púpọ̀ kọ́ nílé.

Ó ṣẹlẹ̀ pé àwọn tó ń jó irin pọ̀ ní ìsọ̀ òdìkejì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́wọ́, iná àdúgbò sì ti rẹlẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ wo iná, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó tan pupa, ó tì í mọ́ta. Ìlẹ̀kùn kò rí iná gbà, kò ṣí. Ọ̀gá kò sì dá ìgbésẹ̀ rẹ̀ dúró, nítorí ta ni kó dúró dè? Iwájú orí rẹ̀ lọ lu gíláàsì náà, gbì.

Ẹ wo ìyọnu tó bá àwọn òṣìṣẹ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ti bọ́. Bí wọ́n bá kẹ́dùn, wọ́n ti gbà pé Ọ̀gá kọlu nǹkan. Romaric ló yọ wọ́n. Ó fi ọwọ́ di iwájú orí ara rẹ̀ mú, ó sì ṣe "yéè" pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gbogbo wọn bá di iwájú orí mú, wọ́n ń ṣe "yéè", ó fi wá dà bíi pé gbogbo ilé-iṣẹ́ ló jọ kọlu gíláàsì.

Mounirou yí padà sí ẹ̀rọ náà. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ọ̀gá ńlá kì í bínú láìsọ̀rọ̀.

"Ìwọ ẹ̀rọ yìí," ó ní, "ṣé o mọ ibi tí o wà? Èmi tí àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè ti bọ̀ lọ́wọ́, èmi tí wọ́n ti fi dùùrù kí káàbọ̀ ní ibi tí n kò lè dárúkọ nítorí ààbò ìlú, kò sí ẹnu ọ̀nà tó tì mọ́ mi rí láti ọjọ́ tí a ti bí mi. Ta ló rán ọ? Àwọn wo ló wà lẹ́yìn rẹ? Ní orúkọ ipò tí mo dì mú, mo yọ ọ́ níṣẹ́ láti òní lọ."

Bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, àwọn ajórin ti jókòó jẹun, iná àdúgbò ti gòkè. Ẹ̀ṣọ́ wò ó, ó ní sùúrù díẹ̀, ó rí i pé ó dúró. Ẹnu "láti òní lọ" ni Mounirou wà tí ẹ̀ṣọ́ fi ṣí ọ̀nà, tí ìlẹ̀kùn gíláàsì rọra ṣí gbayawu.

"Ẹ̀rù ti bà á, Ọ̀gá," Romaric wí.

"Ó pẹ́ kó tó bà á," Mounirou dáhùn. Kò wọlé. Ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà sẹ́yìn alùpùpù sẹ́mìjàn lọ sí Akron lójú ẹsẹ̀, kí ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà méjì tẹ̀lé e, kó má baà sá. Àwọn òṣìṣẹ́ pàtẹ́wọ́ fún un títí sẹ́mìjàn fi yà.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà sọ́dọ̀ Àlájà Ganiatou. "Mo fẹ́ ẹ̀ṣọ́ tó ní ìtẹríba," ó ní. "Èyí tí kò ní sọ pé rárá fún mi."

"Mo ní ìyẹn lọ́pọ̀, òun ló pọ̀ jù nínú ọjà," Àlájà wí, ó gbé kékeré náà fún un. "Ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi fún yín o."

"Kò ní sọ pé rárá láé?"

"Bó tilẹ̀ kú, bẹ́ẹ̀ ni ni yóò máa sọ."

Ẹ̀yin ti gbọ́ ohun tí Àlájà sọ. Mounirou náà gbọ́ ọ, ó sì kà á sí oríyìn. Wọ́n kun ẹ̀ṣọ́ kékeré náà ní àwọ̀ wúrà. Wọ́n so rìbọ́ọ̀nù mọ́ ọn lára. Wọ́n fi oyè Kọ́lọ́nẹ̀lì dá a lọ́lá, Mounirou sì ka ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ tó gùn ju èyí tó kà nígbà ìsìnkú bàbá rẹ̀. Nílé, Imane bi í léèrè pé ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀rọ náà lè kú kí iná ara rẹ̀ sì máa tàn.

"Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, Imane," ó ní. "Ó kú sẹ́nu iṣẹ́, kò sì da ẹnikẹ́ni láàmú."

Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà, òjò ọ̀sán kan rọ̀, àrá sán, iná fò ní gbogbo àdúgbò. Kọ́lọ́nẹ̀lì fara gbà á, ó kú. Nígbà tí òjò dá, Mounirou kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó rí iná aláwọ̀ ewé tó ń tàn dáadáa, ó sì juwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, òkú ló ń ṣọ́ Ilé Onítáyà.

Ọjọ́ Mínísítà pé. Abúlé tí wọ́n lọ yìí ní àṣà kan tó dára, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí àlejò ńlá bá dé bá wọn, ẹnikẹ́ni kì í bu omi mu kí àlejò tó mu. Bàbá bàbá wọn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Ní báyìí tí iná ti dé, wọ́n ti gbé àṣà náà lé iná lórí, bí àlejò bá ń lo iná, olúkúlùkù a pa tirẹ̀.

Ilé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hilaire ni iná ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn. Òun nìkan ló ní mítà, àwọn yòókù fa wáyà láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ lórí igi, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọlọ́lọ ata àti àwọn tó ń ta omi dídì. Nítorí pé iná ti máa ń rẹlẹ̀ kó tó dé abúlé náà, Hilaire ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí, tó ń gbé iná sókè. Ó máa ń yí i dé ìdajì, ó tó gbogbo wọn. Romaric débẹ̀ láàárọ̀ láti so okùn Ilé Onítáyà mọ́ ọn, ó wo ẹ̀rọ náà, ó bínú.

"Ìdajì kẹ̀? Ṣé ìdajì ọ̀gá ló ń bọ̀ ni? Iná Dìrẹ́tọ̀ gbọ́dọ̀ ga ju ti ará ìlú lọ."

"Dakọ́ọ̀, mo ti gbọ́," Hilaire wí, ó sì yí i dé òpin. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lásìkò yẹn, nítorí pé àwọn ọlọ ń lọ̀, fìrígò ń dún, gbogbo abúlé ló ń fa iná náà wálẹ̀.

Romaric tún kọ́ àwọn ènìyàn. Ó ní ohunkóhun tí wọ́n bá rí tó jáde láti ara Ilé Onítáyà, kí wọ́n pàtẹ́wọ́, nítorí wọn kò ní mọ èyí tí Ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n yìn. Wọ́n gbà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run.

Mínísítà dé, ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan tó ń kánjú. Mounirou bọ́ síwájú, ó tú ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ẹkisẹláǹsì, ẹ̀yin tí oòrùn ń tọrọ ààyè lọ́wọ́ yín kó tó yọ, ẹ̀yin tí ọ̀sà ń fà sẹ́yìn bí ẹ bá fẹ́ kọjá, kí ni ẹnu mi já mọ́ tí mo fi fẹ́ kí yín?"

Bó ti bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ẹnu òun já mọ́, ó kùnà láti dá ara rẹ̀ lóhùn, ó sì ń sọ̀rọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká fo ìyókù. Ewúrẹ́ kan tó wà níbẹ̀ fò ó, ó lọ. Nígbà tó parí, Mínísítà ti làágùn dé ìbàdí, ó sì sáré wọ Ilé Onítáyà kí wọ́n tó pè é. Ìlẹ̀kùn gíláàsì ṣí, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mounirou tẹ̀lé e, ìlẹ̀kùn padé lẹ́yìn wọn, àwọn ènìyàn tún pàtẹ́wọ́.

Inú ibẹ̀ tutù. Mínísítà jókòó sórí àga wúrà, ó mí kanlẹ̀, ó mu omi tútù. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. "Mounirou," ó ní, "n kò ní purọ́ fún ọ, ibí yìí dára. Ẹni tó lè ṣètò irú èyí, àga Kútọnu kò ní..."

Níta, wọ́n ti rí i pé àlejò ń mu omi, àlejò ń lo iná. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí bọ̀wọ̀. Àwọn tó ń ta omi dídì yọ fìrígò wọn. Agẹrun pa ẹ̀rọ rẹ̀ nígbà tó kù ìdajì orí. Àwọn ọlọ dákẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀wọ̀ ń gorí ọ̀wọ̀ lórí wáyà kan ṣoṣo, kò sì sí ẹnikẹ́ni mọ́ tó ń fa iná náà wálẹ̀. Nígbà tí ọlọ tó kẹ́yìn dákẹ́, gbogbo ohun tí Hilaire gbé sókè ya wọ Ilé Onítáyà. Kọ́lọ́nẹ̀lì wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń tàn ní àwọ̀ ewé, ó jẹ́ kó wọlé.

Ẹ̀rọ amúlétutù ké bí ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́. Gílóòbù funfun gbòò, wọ́n fọ́. Tẹlifíṣọ̀n ṣe "pàù", fìrígò kérora, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí tú jáde láti òkè àjà. Mounirou sáré síbi ìlẹ̀kùn. Ìlẹ̀kùn tó mọ̀wàhù kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì lu gíláàsì, ó ń ké pé kí wọ́n ṣílẹ̀kùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi gíláàsì dí ibi gbogbo kí òtútù má baà jáde, ohùn náà kò sì lè jáde.

Àwọn ará abúlé rí èéfín tó jáde láti ara Ilé Onítáyà. Wọ́n rántí ohun tí wọ́n kọ́ wọn, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Wọ́n rí Ọ̀gá tó ń juwọ́, wọ́n juwọ́ padà. Ìyá àgbà kan bẹ̀rẹ̀ sí jó.

"Kí ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún?" Mínísítà béèrè, ó ń wúkọ́.

"Wọ́n ń yìn yín, Ẹkisẹláǹsì," Mounirou wí. Lẹ́nu ikú pàápàá, àṣà kì í fi ènìyàn sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Hilaire ló rí i pé mítà tirẹ̀ náà ń rú èéfín, ó sì fa okùn yọ. Iná kú, ṣùgbọ́n ìlẹ̀kùn ò ṣí, ooru sì ń pọ̀ sí i. Ó wá ku fèrèsé kékeré tó wà lókè ibi ìfọwọ́. Mínísítà gun ibẹ̀, ó yọ orí síta. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èjìká rẹ̀ há. Ìgbà yìí ni Romaric mọ̀ pé ayé ti yí. Ó ta kìtì sábẹ́ fèrèsé, ó na apá méjèèjì.

"Ẹ bọ̀, Ẹkisẹláǹsì. Mo ti rí àwọn ńláńlá tó gba ẹnu ọ̀nà jáde, mi ò rí ẹni tó gba fèrèsé jáde tó gbayì tó báyìí rí."

Ó fà á, Mínísítà já lé e lórí, kò fara pa. Mounirou náà gba ibẹ̀, agbádá rẹ̀ há mọ́ irin, ó ya. Ẹnikẹ́ni kò na apá dè é. Inú ẹrọ̀fọ̀ tí omi ìfọwọ́ dà sí ló balẹ̀ sí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un, nítorí òun náà jáde láti ara Ilé Onítáyà.

Mínísítà tọ́ka sí Kọ́lọ́nẹ̀lì tó wà lórí ilẹ̀ pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù rẹ̀. "Ta ló yan èyí?"

Mounirou wo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀.

"A sọ fún wọn, Ẹkisẹláǹsì," Romaric wí, ó ń gbọn eruku lára Mínísítà. "A bẹ̀ wọ́n pé ńlá ni kí wọ́n mú. A ní rárá, rárá, rárá. Wọn ò gbọ́."

Mounirou nu ẹrọ̀fọ̀ ojú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju ìṣubú lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ yìí ni Romaric máa kọ́kọ́ sọ pé rárá, kì í sì í ṣe òun ló sọ ọ́ fún.

Kò pẹ́ tí Mínísítà fi pín àga. Ti Kútọnu lọ sọ́wọ́ ẹnì kan tí wọn ò mọ̀. Ti Àjàṣẹ́ lọ sọ́wọ́ Romaric, ọkùnrin olóye tí apá rẹ̀ lágbára. Mounirou di igbákejì akọ̀wé, wọ́n ní kó máa tọ́jú òkú Ilé Onítáyà títí tí yóò fi fẹ̀yìntì. Àga rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ náà, nínú òórùn jíjó, ó sì ń wọlé gba fèrèsé. Bó bá wúkọ́, kò sí ẹni tó ń dìde. Lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kéde rẹ̀, ojú tì í gan-an, ó sì sunkún lójú Imane, ohun tí kò ṣe rí.

Imane kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bu ọbẹ̀ fún un, ó jókòó tì í. "Bàbá Faïzou," ó ní, "ẹ ti rí ohun tí bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ ni ṣe fún yín. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín ní nǹkan kan láti òní lọ, ẹ sọ òtítọ́ fún un. Kò sí ohun tí wọ́n tún lè gbà lọ́wọ́ yín." Mounirou mi orí. Ó ṣèlérí, ó sì dá a lójú pé òun yóò ṣe é.

Ọjọ́ tí Romaric gorí àga, ó pe gbogbo òṣìṣẹ́ sí àgbàlá. Ó sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ títí òjìji fi bọ́ sábẹ́ ẹsẹ̀ ènìyàn, tó sì tún jáde sí òdìkejì. Ó ní òun yóò tún Ilé Onítáyà ṣe, òun yóò sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé e lórí, kí òun lè máa wo òkun láti Àjàṣẹ́. Akọ̀wé obìnrin kan dákú, wọ́n gbé e kúrò, ọ̀rọ̀ ń lọ. Nígbà tó parí, tí àtẹ́wọ́ rọlẹ̀, ó wò yí ká, ó rí Mounirou lẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n Mounirou," ó ní, "ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yìí jù. Mi ò fẹ́ ìpọ́nni. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi lójú gbogbo wọn. Báwo lẹ ṣe rí ọ̀rọ̀ mi?"

Gbogbo ojú yí sí i. Mounirou mọ òtítọ́ náà délẹ̀, òun ló mọ̀ ọ́n jù ní gbogbo àgbàlá yẹn. Ó rántí Imane. Ó wo àwọn òṣìṣẹ́, ó wo Romaric tó ń dúró dè é pẹ̀lú ẹ̀rín. Ó dìde, ó tún agbádá tó ti ya ṣe.

"Ó kúrú jù, Ọ̀gá," ó ní.